Àgídìgbo inú Agolo

Ní àdúgbò Agúnpopo nílùú Ọ̀yọ́, láwọn ọdún tí ọ̀wọ́n ọjà sáàpù ìjọba gbòde yẹn, bí àlejò bá béèrè ilé Àlàmú oníṣọ̀nà awọ, wọn á kọ́kọ́ bi í pé, "Àlàmú wo? Àlàmú onírọ́?" Wọn ò fi bú u. Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ nìyẹn, bí èèyàn ṣe ń dá ilé mọ̀ nípa igi ọsàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló sọ pé òun rán tìmùtìmù kan rí fún baálẹ̀ kan lápá Òkè Ògùn, pé awọ màlúù méje ló lọ sí i, ó sì rọ̀ débi pé nígbà tí baálẹ̀ jókòó lé e, fìlà rẹ̀ nìkan làwọn ìjòyè ń kí títí wọ́n fi túká. Òun náà ló ní ewúrẹ́ kan jẹ awọ tí òun sá sóòrùn, pé nígbà tí wọ́n pa ewúrẹ́ náà, bàtà méjì ló wà níkùn rẹ̀, tọ̀tún tòsì, okùn nìkan ló kù kó dì.

Irọ́ rẹ̀ dùn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn tó ń pè é ní onírọ́ gan-an ló máa ń gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé wọn láti wá gbọ́ ọ.

Yàrá àlejò rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi rìn bí alákàn. Girámafóònù kan wà níbẹ̀ tí fèrè rẹ̀ lanu bí òdòdó elégédé. Adìyẹ ti pamọ sínú fèrè náà rí, tó fi jẹ́ pé orin tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ lọ́dún yẹn, igbe òròmọdìyẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àwo orin dúdú àtijọ́ wà níbẹ̀, irú èyí tó bá bọ́ tí ń fọ́ yángá bí àwo tánganran. Aago ògiri mẹ́rin ló so kọ́, kálukú ń sọ àsìkò tó wù ú. Àtùpà kẹ̀kẹ́, àpótí redifúṣọ̀n tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, abọ́ tí wọ́n ya orí ọbabìnrin ìlú òyìnbó sí nídìí, gbogbo rẹ̀ ló kó jọ bí ìyàwó tuntun ṣe ń kó ẹrù.

"Bàbá Waliyat," Asiyah ìyàwó rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, "ibo ni kí n gbé èyí lé báyìí? Ṣé orí aago ni, àbí orí àtùpà?"

"Gbé e lé mi lọ́wọ́, Ìyá Waliyat. Ohun àtijọ́ lèmi náà."

"Ẹ̀yin ṣì wúlò díẹ̀."

Bí wọ́n bá ti kírun jímọ̀ tán, á mú àwo kan, á fi etí aṣọ nù ún, á wá yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ máa hó bí epo gbígbóná, lẹ́yìn náà ni ohùn ẹni tó ti kú tipẹ́ á jáde wá, á sì máa kí i. Àlàmú á di ojú rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni kì í purọ́.

Ṣùgbọ́n sinimá àwọn olórin ló tún fẹ́ràn ju àwo lọ. Ọkùnrin kan, Akínkúnmi, tí kò tíì pé ogójì ọdún, ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti máa ń ṣàfihàn sinimá àwọn eléré àtijọ́ lọ́sàn-án Sátidé. Àlàmú àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mashood, tó ń ra ohun àlòkù kiri ìgboro, kì í pa á jẹ. Gbogbo èèyàn á máa wo olórin. Ọwọ́ àwọn tó ń lu nǹkan ni Àlàmú máa ń wò. Bí àwòrán bá ti kúrò lára ọwọ́ bọ́ sójú olórin, á dìde láàárín èrò, á pariwo mọ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀ pé, "Ẹ padà síbẹ̀! Ta ló ní ká máa wo eyín rẹ̀?"

Ìdí tó fi ń wo ọwọ́ nìyí. Nínú gbogbo ìtàn tí Àlàmú ń sọ, ẹyọ kan wà tí kò fi iyọ̀ sí rárá, ẹyọ yẹn náà sì ni ẹnì kan ò gbà gbọ́.

Ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, olórin kan tó ń jẹ́ Israfil Ẹlẹ́nu-Oyin kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ máláíkà tí yóò fun fèrè lọ́jọ́ ìkẹyìn ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì ní tó bá gbóhùn sókè, àwọn òkú kan ń rò pé ọjọ́ ti pé. Àlàmú jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Àpò awọ tó rán fún àgídìgbo ẹgbẹ́ náà ló gbé wá láti Ọ̀yọ́. Àwọn òyìnbó tó ń ya sinimá kiri ti to ẹ̀rọ wọn síbẹ̀ láti ya eré náà. Bó ṣe ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, inú ẹni tó ń lu àgídìgbo dà rú, ó sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, kò bọ̀ mọ́. Israfil wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló lè lù ú?" Àlàmú, tó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, fi àpò awọ sílẹ̀, ó jókòó, ó gbé àpótí àgídìgbo náà lé ẹsẹ̀, ó sì lù ú láti orin àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Wọ́n yá a ní fìlà kí ó lè jọ eléré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú onítọ̀hún ti rọlẹ̀, ẹgbẹ́ gba Ìlọrin lọ, Àlàmú sì padà sídìí awọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí màlúù méje níbẹ̀, kò sí ewúrẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbà á.

Ó ti sọ ọ́ fún Asiyah kó tó fẹ́ ẹ. Asiyah ní, "Màá fẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ti àgídìgbo yẹn sílẹ̀." Kò fi í sílẹ̀, Asiyah náà ò sì gbà á. Israfil ti kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti túká. Àlàmú pàápàá ò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí mọ́, torí ìka tó ti ń fa okùn awọ láti kékeré ti ká kò bí èékánná àwòdì; tó bá fi kan irin àgídìgbo, ariwo bí ìgbà tí ṣíbí bọ́ sílẹ̀ ló máa ń jáde.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1988 ni Mashood já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òógùn bò ó.

"Àlàmú, ṣé o jókòó?"

"Ojú ẹ ò ríran ni? Mo dúró."

"Ó yá, jókòó. Ìyá kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Abigail ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ọkọ rẹ̀ tó kú bá àwọn òyìnbó onísinimá yẹn ṣiṣẹ́. Ó ń palẹ̀ ilé mọ́, agolo fíìmù kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Israfil sí lára."

Àlàmú jókòó. Àga ò sí níbẹ̀.

Mashood ò tíì gbé e dìde tán tó ti ń béèrè bàtà rẹ̀. Mọ́tò tó gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní kò rìn rárá, pé èrò ọkàn òun ló ń tì í. Abigail pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Igbó, obìnrin tó gbó, tó mọ́ tónítóní, tó so gèlè funfun.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ wá nítorí agolo? Àwọn ọmọ ọmọ mi ti fẹ́ fi gbin ẹ̀fọ́."

"Háà! Ìyá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbin mí o. Mo wà nínú rẹ̀!"

Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin wà nínú agolo?"

Àlàmú ṣàlàyé. Ìyá náà kò jiyàn, kò sì gbà. Ó fọwọ́ nu eruku orí agolo náà. "Orin ayé, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí ó fi kú. Mi ò lè jù ú nù, mi ò sì lè pa á mọ́. Ẹ máa gbé e lọ, kí Ọlọ́run bá yín ṣọ́ ọ."

Àlàmú gbé e mọ́ àyà gba ọ̀dọ̀ Akínkúnmi lọ tààrà. Bí Akínkúnmi ṣe ṣí i, òórùn kíkan kan jáde bí ògì tó ti kan kọjá mímu. Ohun funfun kan ti hù lára fíìmù náà bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó pẹ́. Akínkúnmi fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì nà án síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Kékeré ni wọ́n, wọn ò ju èékánná lọ, wọ́n sì tò léra wọn látòkè délẹ̀. Ọkùnrin gíga kan dúró láàárín, ó lanu. Lápá òsì rẹ̀, ẹnì kan jókòó, ó gbé àpótí lé ẹsẹ̀, fìlà tó kéré jù fún orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àlàmú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan fíìmù náà. Ó ní, "Ìka mi nà nígbà yẹn. Wò ó. Ìka mi nà."

"Bàbá, ẹ rọra," ni Akínkúnmi wí. "Kò lè wọ inú ẹ̀rọ báyìí o, á há a lọ́fun. A ní láti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ó lè tó oṣù kan."

"Oṣù kan! Kí n yọ ojú mi sílẹ̀ sórí tábìlì rẹ fún oṣù kan?"

"Ẹ má kánjú, Bàbá."

"Ta ló ń kánjú? Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń rìn bọ̀. Ṣebí kí wọ́n fọ̀ ọ́ náà ni? A máa fọ̀ ọ́ ní Ọ̀yọ́."

Akínkúnmi rò pé ọ̀dọ̀ onífọ́tò kan tó mọṣẹ́ ló ń gbé e lọ. Ó ní kò burú, bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, òun á gbé ẹ̀rọ wá sí Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n wò ó nílé. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe sọ ọ̀rọ̀ kan náà, tí kálukú sì gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ sílé.

Nítorí ní Ọ̀yọ́, ta ni kò mọ ohun tí à ń pè ní fífọ fíìmù? Bí onífọ́tò bá ya èèyàn tán, á ní, "Ẹ padà wá lọ́túnla, mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́." Àlàmú ti yọjú wo inú yàrá onífọ́tò àdúgbò rẹ̀ rí. Ó rí abọ́ ńlá, ó rí omi, ó rí okùn tí wọ́n fi ohun tí ń di aṣọ mú so fíìmù kọ́ sí. Ohun tó wà nínú omi yẹn ni kò bi wọ́n. Kí ló fẹ́ bi wọ́n fún? Ẹni tó ti ń rẹ awọ láti ọmọdé, tó mọ èyí tí omi ń rọ̀ àti èyí tí omi ń bà jẹ́, ta ni yóò kọ́ ọ ní fífọ̀?

Asiyah ló gbé omi kaná fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń ru ọpọ́n ńlá jáde sí àgbàlá. "Bàbá Waliyat, látọjọ́ tí mo ti délé yìí, aṣọ ara yín ẹ ò fọ̀ rí. Àní kí n wà láyé kí n rí i!"

"Máa rẹ́rìn-ín. Tó bá di Sátidé, ẹkún lo máa sun."

Ó bu ọṣẹ dúdú tó dára sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó tú fíìmù náà sínú rẹ̀, ó jẹ́ kó rẹ̀ dáadáa, ó wá mú kànrìnkàn tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ ní gígùn-gígùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó. Ohun funfun náà ṣí. Òórùn kíkan náà lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó dúdú bí omi aró.

"Wo ìdọ̀tí!" Àlàmú pariwo. "Ìyá Waliyat, wá wo ìdọ̀tí tí wọ́n jẹ́ kó bo èèyàn mọ́lẹ̀!"

Asiyah yọjú. "Ó pọ̀ o. Ẹ ṣì máa há a dáadáa."

Ó há a. Omi mẹ́ta ló dà nù sídìí ìbẹ́pẹ, èyí tó ṣẹ́kù sì mọ́ bí omi òjò. Ó wá ta á káàkiri àgbàlá lórí okùn, láti ara ògiri dé ara ìbẹ́pẹ, láti ara ìbẹ́pẹ padà sára ògiri. Oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń dán bí gíláàsì. Àlàmú rí i pé kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Kò bẹ̀rù. Ó ní fèrèsé tó mọ́ ni èèyàn kì í rí, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rí. Pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ló kù tí yóò pe àwọn èèyàn náà jáde.

Títí ó fi di Sátidé, kò sí ẹni tí kò pè. Wọ́n fi ẹní bo fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, wọ́n kó aago àti redifúṣọ̀n jáde kí èrò lè ráyè, síbẹ̀ àwọn kan ń wò láti ìta láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú. Mashood gba ẹ̀bá ẹ̀rọ. Asiyah wọ aṣọ tó wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó Waliyat, ó sì jókòó níwájú pátápátá. Ó yọ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bí mo bá rí yín níbẹ̀, màá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé yìí. Mo ti sọ ọ́."

Ọkàn Àlàmú ń lù débi pé ẹni tó jókòó tì í rò pé aago ni wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Akínkúnmi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ tòun ti ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, èrò sì ń pariwo, kò ráyè wo fíìmù náà níta. Ó kàn fi í sẹ́nu ẹ̀rọ nínú òkùnkùn, ó tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ là sára aṣọ funfun tí wọ́n ta.

Ìmọ́lẹ̀ náà funfun. Ó sì ń funfun lọ. Ẹ̀rọ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, nǹkan kan sì ń kùn lẹ́nu rẹ̀ bí eṣinṣin inú ìgò.

"Wọn ò tíì dé ni," ni ẹnì kan wí.

"Wọ́n ń múra lọ́wọ́."

Mashood ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ ò rí i ni? Òun nìyẹn! Àlàmú nìyẹn! Èyí tó funfun, tó jókòó ti èyí tó funfun yẹn!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Asiyah náà rẹ́rìn-ín. Àlàmú pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Akínkúnmi ti pa ẹ̀rọ. Ó ká ẹní kan sókè lójú fèrèsé, ó na fíìmù náà síwájú ìmọ́lẹ̀, ó fà á, ó fà á, kò rí nǹkan kan títí.

"Bàbá, onífọ́tò wo ló fọ̀ ọ́?"

"Onífọ́tò kẹ̀? Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ dúdú. Èyí tó dáa."

"Ẹ fi nǹkan kan há a?"

"Kànrìnkàn. Tuntun ni."

Akínkúnmi rọra ká fíìmù náà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bàbá, àwòrán náà ò sí nínú ike yẹn o. Ara rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́, bí ọ̀dà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun dúdú tí ẹ rí nínú omi yẹn, àwọn ni."

"Israfil?"

"Gbogbo wọn."

"Ohùn wọn ńkọ́? Ohùn wọn ò ní..."

"Ohùn wọn náà wà lára rẹ̀, Bàbá. Ó ti bá omi lọ."

Ẹ̀rín ti tán nínú ilé. Asiyah fọwọ́ bo ẹnu. Òun ló gbé omi kaná. Àlàmú kọjú sí Akínkúnmi bí ẹni tó fẹ́ rì tó rí ẹ̀ka igi.

"Ìwọ náà ṣáà rí i. Lójú fèrèsé rẹ. O rí mi. Sọ fún wọn."

Akínkúnmi wo ilẹ̀. Olóòótọ́ èèyàn ni, ìyà olóòótọ́ sì nìyẹn. "Mo rí ọkùnrin kan tó gbé àpótí lé ẹsẹ̀. Mo rí i dájú. Ṣùgbọ́n kò ju èékánná lọ, Bàbá, ó sì ti pẹ́. Pé ẹ̀yin ni, mi ò lè búra."

Ojú ti Mashood fún àwàdà tó ṣe. Ló bá gbóhùn sókè. "Ìbúra wo la tún fẹ́? Àlàmú ni! Mo ti mọ̀ látilẹ̀ pé òun ni!"

"Òun ni," ni èkejì wí.

"Àní òun ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Wọ́n ń wí i láti ẹnu dé ẹnu bí wọ́n ṣe ń dìde, pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń sọ fún abiyamọ tó sin ọmọ pé ọmọ náà lẹ́wà púpọ̀. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká. Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Akínkúnmi di ẹ̀rọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó lọ.

Ó wá ku Àlàmú àti Asiyah.

"Bàbá Waliyat," ni obìnrin náà wí, "mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀yin lẹ lu àgídìgbo yẹn."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ nìyẹn, ó péye, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Àlàmú gbójú sókè.

"Wò mí lójú kí o tún un sọ."

Asiyah gbìyànjú. Obìnrin tí kò parọ́ rí, kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ojú sí. Àyà ọkọ rẹ̀ ló ń wò. "Ẹ̀yin ni."

"Asiyah, bú mi."

"Kí ni kí n bú yín fún?"

"Sọ pé irọ́ ni. Bí o ṣe máa ń sọ ọ́. Jọ̀ọ́."

"Kì í ṣe irọ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, irú ohùn tó fi ń bá ọmọ Waliyat sọ̀rọ̀ bí ibà bá ń ṣe é. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bu oúnjẹ wá fún yín. Ẹ ò tíì jẹun látàárọ̀."

Ó jáde. Àlàmú dá jókòó síwájú aṣọ funfun tí wọn ò tíì ká. Ó fẹ́ sọ ìtàn náà fún ara rẹ̀, kó lè wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó kéré tán. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò awọ tó gbé láti Ọ̀yọ́, ó dé orí ọkùnrin tó sá gba ẹ̀yìnkùlé, ó dé orí Israfil tó ń wo ọ̀tún tó ń wo òsì. Etí àwọn ará Agúnpopo ló fi gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìtàn náà dùn. Ó dùn bí gbogbo irọ́ rẹ̀ ṣe ń dùn, òun náà kò sì gbà á gbọ́.